Sísítà Afínjú àti Kọ́bọ́ọ̀dù Gíláàsì Rẹ̀

Bí ẹ bá dé ilé ìtọ́jú eyín kan, tí ẹ rí ilẹ̀ tó ń dán débi pé eṣinṣin tó bá fẹ́ bà síbẹ̀ á kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀, ẹ mọ̀ pé irú obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí ló wà níbẹ̀. Mo ti rí afínjú láyé mi, mo sì ti rí àwọn tó ń pe ara wọn ní afínjú, ṣùgbọ́n èyí fọwọ́ rọ́ gbogbo wọn tì sẹ́yìn. Obìnrin yìí máa ń fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ nǹkan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní aṣọ ìnuwọ́ pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀, torí ó máa ń lọ̀ ọ́ lójú, á tún lọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Sísítà Afínjú ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dúró ti dókítà eyín. Òun ló ń gbé irin iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, òun ló ń fa itọ́ kúrò lẹ́nu ẹni tó bá jókòó sórí àga, òun ló sì ń tan iná kékeré aláwọ̀ búlúù tó ń mú kí eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ gan. Lékè gbogbo rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ẹrù. Dókítà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n kì í wo ohun tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti na ọwọ́ sẹ́yìn, tí nǹkan bà á lọ́wọ́, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gbọ́kàn lé Sísítà débi pé bó bá gbé ṣíbí ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́, àfàìmọ̀ kó má fi wo eyín.

Gọ́ọ̀mù eyín wà lára ẹrù náà. Ìgò wọn kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, wọ́n sì dúdú kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọ inú wọn. Gọ́ọ̀mù yìí ni dókítà máa ń kùn sára eyín tó ti kán, kó tó mọ ohun funfun kan lé e lórí bí ẹni ń mọ amọ̀, títí tí á fi dà bí eyín tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá. Inú fíríìjì kékeré kan ní yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rí fíríìjì tí kì í wá ohun tó máa gbé síbẹ̀. Obìnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà kọ́kọ́ gbé omi mímu rẹ̀ síbẹ̀; lẹ́yìn náà ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé gbé ẹja rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ tí Sísítà ṣílẹ̀kùn tó rí i pé omi ẹja ti kán sórí páálí gọ́ọ̀mù, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tó ń wọ ẹnu ọmọ èèyàn ni omi ẹja ń kán lé lórí.

Ó kó gbogbo ìgò náà jáde. Ó ya àwọn páálí wọn dànù, ó sì ya ìwé kéékèèké tí wọ́n ká sínú wọn mọ́ ọn, torí ó gbà pé ìwé ló ń pe aáyán wá sílé. Kò kà á. Ó fi sípíríìtì nu ìgò kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù gíláàsì tó wà lókè ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se irin iṣẹ́. Àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ yẹn máa ń hó, ooru rẹ̀ a sì máa gòkè lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó wu Sísítà gan-an nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ibi tó bá gbóná, tó sì gbẹ, kòkòrò àìsàn kò ní láyà láti ya ibẹ̀. Ó gbé ìgò fasilíìnì tó fi ń pa ètè àwọn tí ẹnu wọn bá là sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo wọn tò bí ọmọ iléèwé ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Dókítà rí i, ó ní Sísítà ṣeun gan-an, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, iṣẹ́ ń lọ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́, á le bí òkúta. Aláìsàn á wo dígí, á rẹ́rìn-ín, á máa lọ sílé. Ìgbà tó bá ti gbàgbé pé òun ṣe eyín rí ni eyín náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun kì í ṣe ará ilé. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ló kọ́kọ́ padà wá. Tirẹ̀ fò jáde níbi tó ti ń súfèé. Sísítà bi í bóyá ó jẹ egungun. Bàbá ní òun ò jẹ egungun. Sísítà ní kó rántí dáadáa. Bàbá rántí, ó rántí, títí ó fi gbà pé ó ṣeé ṣe kí òun jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó wá tí kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kà sí i lọ́rùn: èyí fi eyín ṣí ìgò, èyí ń fọ eyín bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Àwọn èèyàn wá ń bẹ̀rù rẹ̀ ju abẹ́rẹ́ dókítà lọ.

Sísítà ní ẹ̀gbọ́n kan, obìnrin, aránṣọ. Àǹtí ló ń pè é. Ìgbà tí ìyá wọn kú, Àǹtí ló tọ́ ọ dàgbà. Òun ló rán gbogbo yunifọ́ọ̀mù tí àbúrò rẹ̀ wọ̀, láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé iléèwé nọ́ọ̀sì, eyín iwájú ló sì fi ń já òwú wọn, torí kó tó wá sìsọ́ọ̀sì rí lábẹ́ aṣọ tó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ á ti ṣú. Òwú yẹn ló gbẹ́ kọ̀rọ̀ sí etí eyín náà. Ó gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí eyín fi kán ní ìdajì. Ẹ lè sọ pé aṣọ tó gbé Sísítà dé inú kóòtù funfun ló jẹ eyín ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Sísítà fúnra rẹ̀ ló fà á wá sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n kùn ún, wọ́n mọ ọ́n, wọ́n tan iná sí i. Eyín náà dára débi pé Àǹtí ń rẹ́rìn-ín sí dígí, ó ń rẹ́rìn-ín sí fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀yìn ṣíbí. Sísítà mú un búra pé kò ní fi eyín já òwú mọ́. Àǹtí búra, ó so sìsọ́ọ̀sì kékeré kan mọ́ ríbọ́ọ̀nù, ó fi kọ́rùn, kò sì bọ́ ọ kódà bó bá fẹ́ sùn. Àwọn kan ní tòun tirẹ̀ ló ń wẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ tí eyín náà máa jábọ́, inú ife omi ló jábọ́ sí. Omi lásán ni Àǹtí ń mu nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí nǹkan dún kín-ín nísàlẹ̀ ife. Ó wé e sínú ègé aṣọ, ó sì gba ilé ìtọ́jú eyín lọ.

Yàrá tí àwọn èèyàn ti ń dúró de dókítà kún fọ́fọ́. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nìkan ló ṣófo, Àǹtí sì jókòó síbẹ̀. Sísítà jáde, ó rí ègé aṣọ náà, ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Eyín yìí ló fi ń yangàn fún gbogbo ayé, ẹ̀gbọ́n òun gan-an ló sì wá fi dójú ti òun yìí. Ká ní ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, ìtàn yìí ì bá má gùn. Àárín yàrá ló dúró sí.

"Àǹtí, ẹ ti tún fi já òwú."

"Mi ò fi já nǹkan kan. Omi ni mò ń mu."

"Omi wo ló ń yọ eyín?"

"Wò ó, sìsọ́ọ̀sì rèé lọ́rùn mi."

"Sìsọ́ọ̀sì lọ́rùn, òwú lẹ́nu," ni Sísítà wí. "Ẹ̀yin àgbà yìí náà. Ẹ kúkú sọ òótọ́, kí ẹ yéé purọ́ bí ọmọdé tó jí ṣúgà lá."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a rín in. Àǹtí wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé bàtà bí ẹni tó ń fojú wọn aṣọ fún un, ó tún ègé aṣọ náà ká sí mẹ́rin, ó dìde, ó lọ. Kò dúró de dókítà.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù kí Àǹtí fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan tó wá gba búláòsì rẹ̀ béèrè aṣọ tó ṣẹ́ kù. Àǹtí ní kò ṣẹ́ kù. Obìnrin náà ní ẹni tó lè purọ́ nítorí eyín, kí ni kò ní í ṣe nítorí aṣọ. Gbogbo aránṣọ ayé ni wọ́n máa ń ka ẹ̀sùn aṣọ tó ṣẹ́ kù sí lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí Àǹtí lójú rí. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Àǹtí wá ń fi téèpù ìwọnṣọ bo ẹnu bó bá ń sọ̀rọ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí Sísítà bá yà kí i, á dá a lóhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Sísítà náà ń bínú ní tirẹ̀. Ó ń retí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wá jẹ́wọ́.

Fasilíìnì ló tú àṣírí. Obìnrin kan wà lórí àga lọ́jọ́ náà, ètè rẹ̀ ti là, dókítà ti bọ́ sí yàrá kejì láti dáhùn fóònù. Sísítà na ọwọ́ sí ìgò fasilíìnì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa, ni fasilíìnì bá dà sí i láyà, ó ń ṣàn lórí kóòtù funfun bí òróró. Ó ti pẹ́ tí fasilíìnì náà ti ń rọ̀ bẹ́ẹ̀, inú Sísítà a sì máa dùn sí i, torí kò sídìí láti máa fi ìka họ ọ́ jáde mọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń nu kóòtù náà, tí àbàwọ́n ń fẹ̀ sí i, ìbéèrè kan tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ì bá ti béèrè sọ sí i lọ́kàn: kí ló ń yọ́ ọ?

Ó ki ọwọ́ bọ kọ́bọ́ọ̀dù. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bí èémí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó mú ìgò gọ́ọ̀mù kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ adìyẹ. Ó kán díẹ̀ sórí ègé gíláàsì. Gọ́ọ̀mù tó yẹ kó ṣàn bí omi kọ̀, kò ṣàn. Ó ki, ó ti pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ tó máa ń ta síni nímú kò sí níbẹ̀ mọ́. Sísítà rántí awakọ̀ tó ń súfèé. Ó rántí gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí eyín rẹ̀ jábọ́ kó tó di pé òun kó ìgò kúrò nínú fíríìjì. Níkẹyìn ó rántí ègé aṣọ tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wò ó. Aláìsàn la ẹnu sílẹ̀ lórí àga, ó ń retí fasilíìnì.

Ohun tó jẹ́ kó nira ni pé ọ̀nà àbáyọ wà. Dókítà ti ń fura sí ọkùnrin tó ń kó gọ́ọ̀mù wá fún wọn; ọkùnrin náà gan-an ló ń bá wí lórí fóònù lọ́wọ́ báyìí, pé ọjà tó kó wá kò dára. Bí Sísítà bá rọra dá àwọn ìgò padà sínú fíríìjì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó tilẹ̀ kó wọn sápò kóòtù, ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì ilẹ̀kùn: Sísítà Afínjú, òróró láyà, ìgò lápò, tó ń yọ́ rìn bí olè ẹran. Ó yí padà.

Ó tilẹ̀kùn kó tó ro ó fún dókítà. Dókítà gbọ́ ọ parí, ó gba ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó mì í létí, ó sì ṣàlàyé fún un. Nínú gọ́ọ̀mù yẹn, ohun kan wà tó máa ń fò lọ bó bá gbóná, omi sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń ba ìyókù jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ooru bá ti ń fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá tan iná búlúù sí i, á ṣì gan. Á tan dókítà jẹ, á tan aláìsàn jẹ. Àmọ́ kò ní wọ inú eyín lọ jìnnà, òkè eyín ló kàn máa dì mú. Itọ́ á wá máa yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí ẹnìkan á súfèé tàbí tí ẹnìkan á mu omi. Bó ti sọ ọ́ tán, òun náà kò lè wo Sísítà lójú.

"Mo ti kà á nínú ìwé nígbà tí mo wà níléèwé, Sísítà," ó ní. "Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn sì wà níwájú mi lójoojúmọ́."

Ó tún gbé fóònù, ó bẹ ọkùnrin tó ti bú. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo àwọn tí eyín wọn jábọ́, kí wọ́n wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́dẹ gbé ẹja rẹ̀ jáde kúrò nínú fíríìjì, ó ń kùn sínú.

Ó ku Àǹtí. Sísítà dúró sí òdìkejì títì títí àwọn oníbàárà fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó yọ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó sì rọra ro gbogbo rẹ̀. Àǹtí ń wa máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ó rán apá kan tán, ó yí aṣọ padà, ó mú èkejì. Sísítà kò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ tàbí kò gbọ́.

"Kí ló dé tó ò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?" ni Àǹtí béèrè nígbà tó yá. "Ṣé ọmọ ẹnìkan ń sùn níbí ni?"

"Rárá, Àǹtí mi."

"Níbo lo ti pè mí ní òpùrọ́?"

Sísítà ń fọwọ́ ṣa ègé òwú nílẹ̀.

"Ṣé kọ̀rọ̀ báyìí ni? Ṣé o tilẹ̀kùn kó o tó sọ ọ́?" Àǹtí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ, mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti gbé e kọ́ mi lọ́rùn, ibẹ̀ náà ni wàá ti bọ́ ọ."

Ìgbà yẹn ni Sísítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣófo. Sìsọ́ọ̀sì àti ríbọ́ọ̀nù kò sí níbẹ̀. Àǹtí rí ibi tó ń wò. Ó ní òun ti bọ́ ọ, ta ni òun tún fẹ́ máa fi hàn.

Títí ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn èèyàn sí fi pé, kò sí ohun tó ṣeé fọ̀ tí Sísítà ò fọ̀. Ó fọ kọ́bọ́ọ̀dù náà nínú, ó fọ̀ ọ́ lóde, ó fọ ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ débi tí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó fọ kóòtù rẹ̀, ṣùgbọ́n òróró yẹn kò lọ tán; àmì rẹ̀ dúró láyà bí àmì ẹ̀yẹ. Ó ń ka ọ̀rọ̀ tó máa sọ níwájú dígí, ó ń gbàgbé rẹ̀ níbì kan náà ní gbogbo ìgbà, níbi tí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yẹ kó jáde. Ó rò ó pé kóun kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó rò ó pé kóun ṣàìsàn. Ara rẹ̀ le bí irin, kò bá a lọ́wọ́ sí i.

Yàrá náà kún lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá awakọ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin tó béèrè aṣọ tó ṣẹ́ kù náà wà níbẹ̀, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, eyín tirẹ̀ ń ro ó. Àǹtí ló wọlé gbẹ̀yìn. Ó wo yàrá yípo, ó lọ bá ọkùnrin tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní kó jọ̀ọ́ dìde, òun ló ni àga yẹn. Ọkùnrin náà dìde láìbéèrè ìdí.

Sísítà jáde wá. Ìgò fasilíìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ìdí tóun fi gbé e. Ó dé iwájú Àǹtí, ó kúnlẹ̀. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ kóòtù rẹ̀ há sí apá àga, ó já, ó yí lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Kò wá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ó ní. "Ibí yìí ni mo ti sọ pé ẹ̀gbọ́n mi fi eyín já òwú, pé ó ń purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi já òwú. Kò purọ́. Èmi ni mo gbé gọ́ọ̀mù sínú ooru, tó fi bàjẹ́. Gbogbo ẹ̀yin tí mo ní ẹ jẹ egungun, ẹ ò jẹ egungun. Èmi ni."

Ó fẹ́ fi kún un pé ìmọ́tótó ló fà á, pé ẹja ọlọ́dẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

Bàbá awakọ̀ ló kọ́kọ́ lanu.

"Egungun tí mi ò jẹ yẹn," ó ní, "òun ló fà á tí ìyàwó mi fi ń bá mi lọ ẹran bí ẹni ń lọ ata fún ọmọ jòjòló."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ga ju ti ọjọ́sí lọ, Sísítà ni wọ́n sì ń rín, lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ lórí táìlì ilẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ nù. Ó rí bàtà wọn tó ń mì. Ó rí bàtà obìnrin aláṣọ-tó-ṣẹ́-kù, èyí kò mì, ó kàn ń rọra fà sẹ́yìn sábẹ́ àga. Àǹtí jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn. Kò dá wọn dúró, kò sì bá wọn rín.

Nígbà tó tó o, ó ní kí wọ́n bá òun mú bọ́tìnnì yẹn wá. Bọ́tìnnì gba ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó ti fi òwú sí kúrò ní kọ́là rẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbé, ó fa etí kóòtù náà mọ́ra, ó sì rán bọ́tìnnì padà sí àyè rẹ̀ lára àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ta á ní kókó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn láti mú sìsọ́ọ̀sì, kò bá nǹkan kan. Ó wá gbé etí kóòtù sókè, ó nà án sí Sísítà lẹ́nu.

"Fi eyín já a."

"Àǹtí mi..."

"Eyín tèmi ń dúró de dókítà. Já a."

Dókítà ti yọjú sẹ́nu ilẹ̀kùn. Gbogbo àwọn tí Sísítà ti bá wí nítorí ìgò àti egungun na ọrùn. Ó tẹrí ba, ó fi eyín mú òwú náà, ó gé e. Kò já. Ó tún un gé, ó ń gbọ́ bí òwú ti ń fi etí eyín rẹ̀ họ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó já.

"Ó le, àbí?" ni Àǹtí wí. "Irú òwú yẹn náà ni mo fi rán gbogbo yunifọ́ọ̀mù rẹ."

Ó ti abẹ́rẹ́ bọ kọ́là padà, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu pẹ̀lú àlàfo iwájú yẹn. Téèpù wà lápò rẹ̀. Kò yọ ọ́.